Ojú Ọ̀tún Tata Pupa

Mọ́tò ti ṣẹ́jú sí mi rí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mi ò ní iná rẹ̀ tàn, ó tún kú. Kí ló wá jẹ́ tuntun nínú ìyẹn? Mo ní ó ṣẹ́jú, bí ọmọge ṣe ń ṣẹ́jú sí ọmọkùnrin nígbà tí wọ́n bá ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì: ó rọra pa á dé, ó rọra ṣí i, ó tún wá ń wò mí bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Inú àpò kòkó ló wà nígbà náà, lórí itan mi, láìsí bátìrì, láìsí wáyà, láìsí mọ́tò pàápàá. Ojú lásán ni. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó kọ́kọ́ dàgbà tó mi.

Ohun tó mú mi rántí kò ju pé ọmọ ọmọ mi gbé mi lọ sí Òkè-Ìlewó lọ́jọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ yà ra nǹkan kan. Kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó yọ orí síta, ó ké sí ọmọkùnrin kan tó jókòó sáàárín irin mọ́tò àlòkù, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ní ojú ọ̀tún?" Ọmọkùnrin náà ń jẹ búrẹ́dì. Ó ní, "Ojú ọ̀tún ti tán, ti òsì ló kù. Àmọ́ òkú kan dé láti Kútọnú lánàá, wọn ò tíì tú u." Obìnrin kan ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò wẹ̀yìn. Kò gbá ọmọ mọ́ra. Ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ń ta iyọ̀. Èmi nìkan ni ara mi bù máṣọ.

Ọmọ ọmọ mi wò mí. "Bàbá, ṣé òtútù ń mú yín ni?"

Mo ní ẹ̀rọ inú ọkọ̀ rẹ̀ ló ń fẹ́ jù.

Nígbà èwe mi, gbólóhùn yẹn gan-an, ojú ọ̀tún, díẹ̀ ló kù kó gba ẹ̀mí ènìyàn kan lọ́jà Owódé. Ènìyàn náà ni àbúrò ìyá mi ọkùnrin, Bọ̀dá Délé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó lọ ṣe é.

Ṣàpọ́n là ń gbé. Ilé alámọ̀ ni ilé wa, páànù rẹ̀ ti dípẹtà débi pé bí oòrùn bá ń wọ̀, ẹ ò ní mọ ibi tí páànù parí sí tí ọ̀run bẹ̀rẹ̀. Igi odán kan wà níwájú ilé, abẹ́ odán yẹn ni Bọ̀dá Délé ti ń tún mọ́tò ṣe. Òórùn gíríìsì àti bẹntiróòlù ló ń jí wa láàárọ̀ kí àkùkọ tó kọ. Ó wọ inú ẹ̀kọ tí à ń mu, ó wọ aṣọ tí à ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì bá mi lọ sí ilé ìwé títí dé Sítáńdáàdì Kẹta, níbi tí èmi àti ìwé ti dágbére fún ara wa láìjà láìta.

Bọ̀dá Délé bá wọn lọ sí ogun ńlá àwọn òyìnbó, ó dé Bóòmà, mọ́tò ológun ló sì ń tún ṣe níbẹ̀. Ó padà wá pẹ̀lú ṣòkòtò kàkí, fèrè kan tí kò mọ̀ ọ́n fọn, àti àṣà kan tó máa ń bí ìyá mi nínú. Kì í pe ohunkóhun lára mọ́tò ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é. Ó ní ara ni mọ́tò ní, bíi ti ènìyàn. Iná iwájú, ojú ni. Irin tó tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́ bo táyà iwájú, apá ni. Ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé bá ẹ́ńjìnnì, imú ni. Mọ́tò tó bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, òkú ni. Bí ó bá sì fẹ́ tú u sí wẹ́wẹ́, á ní òun fẹ́ lọ wẹ òkú. Èmi náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gùn tẹ́ẹ́rẹ́, eyín iwájú mi sì ti ká nígbà náà, ó wá sọ mí ní Sípánà. Bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti àárọ̀ di alẹ́. Kò pe orúkọ mi mọ́, kò kì mí, àfi Sípánà.

Nígbà náà ni Lọ́yà kan dé láti Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ́ ilé sí Òkè-Ìlewó, ó sì gbé mọ́tò kékeré kan bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Pupa ni, pupa tó ń ta ènìyàn lójú. Ènìyàn méjì péré ló gbà. Kò ní òrùlé. Imú rẹ̀ gùn gbọọrọ síwájú, ojú rẹ̀ méjèèjì sì yọ síta ràbàtà ràbàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú náà, bíi ti tata tó fẹ́ fò. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gba Ṣàpọ́n kọjá ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Tata Pupa. Ó sún mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ fi ń bojú wolẹ̀ wo Lọ́yà. Ìyá mi wò ó títí, ó ní ààbọ̀ mọ́tò ni àwọn òyìnbó tà fún ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n dá ààbọ̀ tó kù dúró sọ́dọ̀ ara wọn.

Ọdún yẹn, ọyẹ́ mú bí ẹni tó di ẹnìkan sínú. Àárọ̀ kan tí kùrukùru bo gbogbo ọ̀nà, Tata Pupa lọ forí gbá òkúta afárá ní Láfẹ́nwá. Nǹkan kan kò ṣe Lọ́yà, àfi fìlà tó bọ́ sódò. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún Tata fọ́ yángá, apá ọ̀tún rẹ̀ sì ká kò bí ewé gbígbẹ. Láti ọjọ́ yẹn, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ojú kan ṣoṣo ló fi ń bọ̀ lọ́nà, nínú eruku ọyẹ́, láìsí ẹni tó lè sọ bó ṣe jìnnà tó. Ìyá bàbá mi, tó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó bí bàbá mi, dìde lórí àpótí rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i, ó ní, "Ẹ wo nǹkan tó ń wò mí." Wọ́n ní mọ́tò Lọ́yà ni. Ó ní òun ò bi wọ́n pé ti ta ni.

Lọ́yà kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n fi ojú mìíràn ránṣẹ́. Èsì tó padà wá ni pé wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Nígbà ogun, wọ́n ti yọ́ gbogbo irin tí wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n ti fi rọ ọta. Lọ́yà wá gbé mọ́tò náà dé abẹ́ odán wa.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé Bọ̀dá Délé ní ìyàwó àfẹ́sọ́nà nígbà náà, Àǹtí Bísí. Bàbá Àǹtí Bísí jẹ́ bàbá ìjọ, ọkùnrin tó máa ń wọ funfun báláú, kò sì fẹ́ràn ọwọ́ tó ní gíríìsì lábẹ́ èékánná. Kò kọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ó máa ń bèèrè lójú gbogbo ènìyàn pé, "Délé, kí ni wàá fi gbé ọmọ mi jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣé kẹ̀kẹ́ ni?" Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, Bọ̀dá Délé náà á rẹ́rìn-ín, á sì wá sílé wá máa fi òòlù na irin tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Lọ́yà mọ̀ sí i. Ó gbọ́wọ́ lé imú Tata, ó ní, "Délé, bí o bá lè mú kí nǹkan yìí fi ojú méjèèjì ríran, òun ni yóò gbé ìyàwó rẹ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn Àjíǹde. Èmi fúnra mi ni màá wà á."

Látìgbà náà, Bọ̀dá Délé kò sùn, kò wo. Ojú ọ̀tún àti apá ọ̀tún nìkan ló kù láàárín òun àti Àǹtí Bísí.

Ó wá a dé Ìbarà, ó wá a dé Ìtòkò, kò rí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn awakọ̀ níṣẹ́. Èyí tó ń ná Owódé ni wọ́n ń pè ní Lásísì, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tí kì í gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Bọ̀dá Délé ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Lásísì, bá mi wádìí. Ojú ọ̀tún ni mò ń wá. Bí ó bá ní apá pẹ̀lú, mo fẹ́ ẹ. Bó jẹ́ ti òkú, kò burú, kó ṣáà má ti fọ́. Wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́ láyé." Lásísì mi orí, ó lọ. Gbogbo ibi tí ó ti dúró lójú ọ̀nà Owódé ló ti jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an, láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Ohun tó gbàgbé láti fi kún un ni mọ́tò.

Lásísì padà mú ìròyìn ayọ̀ wá. Ó ní òyìnbó kan tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ ní irú Tata gẹ́lẹ́ kí ogun tó parí, ó sì kú sínú rẹ̀ lẹ́yìn Owódé, ní abà kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Osè. Wọ́n gbé òyìnbó lọ, wọn ò gbé mọ́tò. Inú Bọ̀dá Délé dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi fọn fèrè rẹ̀. Ìyá mi ní kó mú mi dání, ó ní bí mo bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní lè bá àwọn awakọ̀ jókòó ti ẹmu.

Ọjọ́ ọjà Owódé la lọ. Wọ́n ti sun igbó ẹ̀bá ọ̀nà, gbogbo ilẹ̀ dúdú, àwòdì ń yí po lókè bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ọyẹ́ fá ètè wa. Ibi tí Lásísì já wa sílẹ̀ sí, àwọn obìnrin aláta ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kan sì ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú àdá. Bọ̀dá Délé bọ́ fìlà, ó kí wọn bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa.

"Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni òkú òyìnbó yẹn wà? Ojú ọ̀tún rẹ̀ la wá mú."

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti gbọ́ kí ọjà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi. Kì í ṣe pé ariwo rọlẹ̀. Ó gé. Ẹni tó ń wọn gàrí dá igbá dúró. Obìnrin tó sún mọ́ wa jù dìde, ó tún ìró rẹ̀ so, ó so ó le.

"Ojú kí ni?"

"Ojú ọ̀tún, ìyá. Bí apá bá wà níbẹ̀, a máa gbé e pẹ̀lú."

Obìnrin náà wo èmi. "Ọmọ ta nìyẹn?"

Bọ̀dá Délé gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má wò ó. Sípánà ni."

"Mo ní ọmọ ta ni."

"Sípánà."

Ẹnìkan lẹ́yìn ní, "Òun nìyẹn. Òun ló ń ránṣẹ́ kiri." Ọkùnrin kan fà mí kúrò lọ́wọ́ Bọ̀dá Délé, àwọn méjì mìíràn sì dì í lápá mú. Wọ́n yí ojú mi síbi oòrùn. Ní ìgbà náà, abàjà Bọ̀dá Délé tẹ̀ dáadáa ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyá mi, tó gbé lọ́dọ̀ àwọn ìyáàfin míṣọ̀n, kò jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kan mi lójú. Ojú mi ń dán bí àwo. Wọ́n wo tèmi, wọ́n wo tirẹ̀. Kò sí ohun tó jọra.

"Ẹ wò ó, kò kọ ilà."

"Ó sọ ọmọ ọlọ́mọ di irin."

Bọ̀dá Délé ń sọ pé mọ́tò ni, mọ́tò ni, ojú mọ́tò lòun ń wí. Ta ló ń gbọ́? Gbọ́mọgbọ́mọ wo ni kò ní sọ pé mọ́tò ni? Mo ń sunkún, omi imú àti eruku ti dí mi lẹ́nu. Mo rí ọkùnrin kan tó fi àtàǹpàkò wo ẹnu àdá rẹ̀, tó ń rọra wò ó, bí ẹni tí nǹkan kò kàn.

Ìyá àgbàlagbà kan ló la àárín wọn kọjá. Wọ́n yà fún un. Igi ìdáná ló rù wá sọ́jà, kò tíì sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ gbé ọmọ wá síbí." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, ó fi etí kò mí lẹ́nu. "Kí ni ìyá rẹ fi ń kì ọ́ láàárọ̀?"

Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi orúkọ òyìnbó jí láàárọ̀ lè má mọ ohun tó ń ṣe. Orúkọ, ẹni tó bá fi àkàrà tan ọmọ lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Oríkì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí ààrò ni wọ́n ti ń pè é, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọmọ kì í sì í fúnra rẹ̀ pè é. Ẹni tí kò bá bá ilé náà jí, kò lè mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́ sí i létí: Àlàó. Ó dìde, ó kọjú sí Bọ̀dá Délé tí wọ́n ti tẹ̀ kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Ìwọ. Kí ni wọ́n ń ki ọmọ yìí?"

Ó wò mí. Mo rí i pé ó ń wá a. Láti ọjọ́ tó ti Bóòmà dé, kò pè mí ní nǹkan kan bí kò ṣe Sípánà. Ọkùnrin aládàá náà sún mọ́ ọn. Bọ̀dá Délé dijú, ó wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí kì í ṣe ohùn rẹ̀, ohùn ìyá mi ni, ohùn tó fi ń jí mi: "Àlàó." Ó sì fi gbogbo èyí tí ìyá mi ń fi tẹ̀ lé e kún un, dé ìparí. Mi ò ní sọ ọ́ níbí, kì í ṣe ti ìta.

Wọ́n tú u sílẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n gbọn eruku ara rẹ̀ nù, wọ́n ní kó má bínú, ayé ló bàjẹ́. Àwọn tí kò rẹ́rìn-ín ni mo rántí jù. Wọ́n dúró sí ibi tí wọ́n dúró sí, wọ́n ń wò wá.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ará Ìdí-Osè gan-an ni ìyá àgbà náà. Ó mú wa dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Òkú mọ́tò òyìnbó ti wọ inú koríko, ewúrẹ́ ló ń sùn nínú rẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ṣe ọpọ́n omi fún adìyẹ. Ojú ọ̀tún ni wọ́n gbé sábẹ́ igi osè ńlá kan, láàárín irin Ògún, nítorí wọ́n ní irin tó ti pa ènìyàn kò yẹ kó dá wà nínú igbó. Ó mọ́ láì ní àbùkù kan. Ó kọjú sí ọ̀nà oko, àwo fàdákà inú rẹ̀ ń kọ mọ̀nà.

Bọ̀dá Délé rọra bèèrè ohun tí a máa fún wọn. Ìyá àgbà ní kó gbé e, kó gbé e kíá.

"Ẹni tó bá ń ti oko bọ̀ ló ń rí ara rẹ̀ nínú ìyẹn," ló wí, "ní dorí kodò. Bàbá ọmọ mi rí tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó rẹ́rìn-ín sí i. Kò tún gba ọ̀nà yẹn mọ́."

Mo bojú wò ó. Lóòótọ́ ni. Mo rí orí mi nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi lókè, ìyá àgbà sì so rọ̀ lẹ́yìn mi bí àdán.

Nígbà tí a ń lọ, ó pe Bọ̀dá Délé padà. Ó ní, "Ọmọ mi, o ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jà ti gba ọ̀nà ilé yín lọ."

Ọkọ̀ Lásísì la wọ̀ padà. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀, ó pupa nínú ọyẹ́ bí ojú ẹni tí kò sùn. Bọ̀dá Délé gbé apá mọ́tò dání, èmi gbé ojú sórí itan nínú àpò kòkó. Níwájú wa, àwọn obìnrin tó ti ọjà bọ̀ ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní wọ́n mú gbọ́mọgbọ́mọ kan ní Owódé lónìí, wọ́n bá ojú òyìnbó nínú àpò rẹ̀. Èkejì ní òun gbọ́ pé ojú méje ni. Ẹ̀kẹta ní ó pòórá mọ́ wọn lọ́wọ́. Bọ̀dá Délé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ìgúnpá gún mi. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà náà ni mo tú ẹnu àpò wò. Nígbà náà ni ó ṣẹ́jú sí mi.

Nígbà tí a fi dé Ṣàpọ́n, ọ̀rọ̀ ti dé.

Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan sí i lójú, ìyẹn gan-an ló burú. Wọ́n ń kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n ń fa ọmọ wọn kọjá sí òdìkejì ọ̀nà. Àwọn ọmọ tí a jọ máa ń ṣeré lábẹ́ odán kò wá mọ́. Ìyá oníbúrẹ́dì ń bo igbá rẹ̀ bó bá dé ibi tiwa. Àárọ̀ ọjọ́ kan, a bá eérú tí wọ́n dà yí gbogbo ìdí odán ká. Bọ̀dá Délé gbá a dànù. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó na apá mọ́tò náà títí ó fi tọ́, ó dè é mọ́ Tata, ó kùn ún. Ọ̀dà pupa tó rí kò bá ti Lọ́ńdọ̀nù mu. Apá ọ̀tún pọ́n ju ìyókù lọ, ó pọ́n bí nǹkan tí kò tíì gbẹ. Àwọn tó ń kọjá rí i. Mi ò ní sọ ohun tí wọ́n ní wọ́n fi kùn ún.

Bàbá ìjọ wá lọ́sàn-án gangan nínú aṣọ funfun rẹ̀. Kò wọ abẹ́ odán, ó dúró sínú oòrùn.

"Délé, èmi kò gbà á gbọ́ o."

"Ẹ ṣé, sà."

"Ìyá Bísí ni kò lè sùn mọ́. Jẹ́ kí á sún ìgbéyàwó yìí síwájú díẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ lọ sílẹ̀."

"Títí dìgbà wo, sà?"

Bàbá ìjọ wo ojú ọ̀tún Tata, ó gbé ojú kúrò kíákíá, ó ní kí a máa gbàdúrà.

Àǹtí Bísí wá fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Òun nìkan ló wọ abẹ́ odán. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú Tata, ó wo inú ojú náà pẹ́. Ó ní, "Délé, wá wo bí mo ṣe dorí kodò." Àwọn méjèèjì wò ó pọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ó ti parí, pé gbogbo nǹkan yóò dára. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ àǹtí bàbá rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Lọ́yà wá gbé Tata. Kò sí ẹni tó tún mọ́tò ṣe dáadáa bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi gbé e padà, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ojú ń tì. Ó ní, "Délé, bá mi yọ ojú ọ̀tún yẹn. Àwọn ènìyàn ń sá wọlé bí mo bá ń bọ̀. Àwọn oníbàárà mi ti ń bèèrè ibi tí mo ti rí i."

Bọ̀dá Délé ní, "Ẹ̀yin náà, sà?"

Lọ́yà ní, "Ojú kan tó mi."

Ó mú sípánà, ó yọ ọ́. Ó fi aṣọ nu àwo rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Àlàó," ló wí. Kò pè mí ní Sípánà. "Tọ́jú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ pé mo yọ ojú ọmọ ènìyàn, gbé e jáde, kí wọ́n wò ó." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé báàgì ogun rẹ̀ kọ́ èjìká, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Láfẹ́nwá, ó wọ reluwé tó ń lọ sókè Ọya. Àwọn kan ní Sàríà ló wà, àwọn kan ní Mìnà. Ìyá mi ń retí rẹ̀ ní gbogbo ọdún Kérésì títí ó fi kú. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Lọ́yà ta Tata sí Èkó, kò sì sí ẹni tó bi mí pé kí n gbé ojú náà jáde. Gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n tán. Kí ni wọ́n fẹ́ tún wò? Ó wà lójú fèrèsé mi títí di òní. Bí àwọn ọmọ ọmọ mi bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ wo ara wọn ní dorí kodò nínú rẹ̀.

Ní Òkè-Ìlewó lọ́jọ́sí, wọ́n padà rí ojú ọ̀tún tí ọmọ náà ń wá. Ó gbé e lé mi lórí itan nínú ọ̀rá. Rọ́bà ni. Mo wo inú rẹ̀, mi ò rí ara mi rárá. Bí a ṣe ń lọ, ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí, àwòrán ọkùnrin kan tó gbé àpò, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn ṣọ́ra fún un, ọmọ ló ń jí. Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Wọ́n kàn fi ránṣẹ́ ni, Bàbá." Mo ní kí ni ọkùnrin náà ṣe? Ó ní òun ò mọ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí iná tó gbà wá láàyè láti kọjá.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti parọ́ fún yín. Àbùmọ́ kéékèèké wà níbòmíràn, bí ewúrẹ́ tó bojú wolẹ̀ wo Lọ́yà, ẹ má ka ìyẹn sí. Irọ́ gidi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ojú náà kò ṣẹ́jú. Gíláàsì ni, kò ní ìpéǹpéjú. Ìyókù ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo fi ṣíṣẹ́jú kún un nítorí gbogbo ẹni tí mo ti ń sọ ọ́ fún ló ń bi mí pé kí ló wá lé Bọ̀dá Délé kúrò nílùú gan-an. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni, wọ́n á ní, "Ọ̀rọ̀ lásán?" Bí mo bá ní ojú náà ṣẹ́jú, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní ó ti yé àwọn.